Ọgbà Ìta fún Ehoro Ilé Wa

Ẹ̀kọ́ wa nínú ìwé ìròyìn ti oṣù mẹ́ta yìí wà fún gbogbo ilé tí ehoro wà: ìbáà jẹ́ méjì tí a rà fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa fi ṣeré, ìbáà jẹ́ èyí tí ọmọ-ọmọ gbé dé tí ìyá àgbà sì wá di ẹni tó ń bọ́ ọ. A fẹ́ kọ́ bí a ṣe lè ṣe ọgbà kékeré kan sí àgbàlá, níbi tí ehoro yóò ti máa jẹ koríko tí yóò sì máa sáré bó ti wù ú lójú ọ̀sán.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹran tí à ń sọ. Àwọn kan nínú wa máa ń pe òkété ní rábíìtì bí wọ́n bá ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òkété kọ́ ni à ń wí. Kì í sì í ṣe ehoro inú igbó tí àwọn ọdẹ máa ń pa wá sílé. Ehoro igbó kì í gbẹ́ ihò láti gbé inú rẹ̀. Abẹ́ koríko ni ó ń sùn, orí ilẹ̀ ni ó sì ń bímọ sí. Ehoro ilé yàtọ̀. Ilẹ̀ Sípéènì àti Pọ́túgà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò gígùn sínú ilẹ̀, tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń jáde jẹun ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn kò mú. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tí a fẹ́ kọ́. Ẹran tó fẹ́ràn láti gbẹ́ ilẹ̀ ni, kò fẹ́ràn kí ó dá nìkan wà, kò sì lè fara da oòrùn ọ̀sán gangan.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé kéèjì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé kò tó ni? Kò tó. Ehoro tí kò kúrò nínú kéèjì láti ọdún dé ọdún, wáyà abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dá egbò sí i ní gìgísẹ̀. Eyín ehoro kì í dúró ní dídàgbà títí yóò fi kú, jíjẹ koríko lọ́pọ̀lọpọ̀ ló sì ń yún un kúrú. Bí kò bá rí koríko jẹ tó, eyín náà yóò gùn débi pé kò ní lè jẹun mọ́. Ẹ tún wo bó ṣe máa ń jókòó sí igun kan, tí á máa fi eyín họ irin ṣáá. Àwọn ọmọ a máa rò pé eré ni ó ń ṣe.

Ọgbà yìí kò ṣòro kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kọ́ ọ lódì, nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ehoro má baà sá jáde. Òótọ́ ni pé ehoro lè sá jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé tọ̀ ọ́ ni kí a bẹ̀rù jù. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ajá, ológbò, ejò, àwòdì àti ìjàlọ, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí ògiri ti lanu. Ọ̀tá tó sì ṣáájú gbogbo wọn kò nílò ihò rárá, òun ni oòrùn.

ÒORÙN ÀTI IBI TÍ A Ó GBÉ ỌGBÀ SÍ

Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ gígùn yẹn ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbóná jù, etí nìkan kò lè gbà á sílẹ̀. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 30 lórí òǹkà Celsius, inú ewu ni ehoro wà. Ẹ rántí pé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta sábà máa ń kọjá 32, nínú òjìji ni a sì ń wí, kì í ṣe ojú oòrùn.

Ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ra ehoro méjì fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀n ìpẹja ṣe ọgbà yí wọn ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n sì kó wọn sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí òjìji ilé ṣì bo gbogbo ibẹ̀ dáadáa. Gbogbo ilé lọ sí ìjọsìn. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni, ẹ̀yin náà mọ bí ìsìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n fi dé ní aago méjì ọ̀sán, òjìji ti ṣí lọ sí òdìkejì ilé, ọ̀kan ti kú, èkejì dùbúlẹ̀ ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ajá tó wọlé, wáyà kankan kò sì já. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ni ehoro náà ń béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé ta ló pa á, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọn yóò wí fún un.

Nítorí náà, kí a tó ra ìṣó kan ṣoṣo, ẹ mú òkúta díẹ̀, kí ẹ fi sàmì sí ibi tí òjìji dé ní àgbàlá yín ní aago 8 àárọ̀, ní aago 12 ọ̀sán àti ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ méjì. Ibi tí òjìji kò ti kúrò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ mú ibi tí òjìji ti ń wà ní ọ̀sán, nítorí oòrùn òwúrọ̀ kò le bẹ́ẹ̀.

Igi máńgòrò dára púpọ̀ fún ìbòji. Ẹ má ṣe gbé ọgbà ehoro sábẹ́ igi píà o. Ewé píà, èèpo rẹ̀ àti èso rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ehoro, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìgbà tí ewé kò ní máa já bọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ọgbà àyíká ilé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi bọ̀tujẹ̀ ṣe ọgbà yí àgbàlá ká, àwọn mìíràn ní lárà tó hù fúnra rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Méjèèjì ló lè pa ehoro. Ẹ jìnnà sí wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí omi ń dúró sí. Ó dára kí ó dagun díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn lọ.

IGI, WÁYÀ ÀTI ÌWỌ̀N

Ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà ehoro ní Ìlú Ọba, Rabbit Welfare Association and Fund, gba àwọn ènìyàn níyànjú pé àyè ehoro méjì kò gbọdọ̀ kéré sí mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀ àti mítà 1 ní gíga. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 ní gígùn, 6 ààbọ̀ ní fífẹ̀ àti díẹ̀ lé ní 3 ní gíga. Ìdí rẹ̀ ni pé ehoro gbọ́dọ̀ lè fò ní ìgbà mẹ́ta léraléra kí ó tó kan ògiri, kí ó sì lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde láìjẹ́ pé etí rẹ̀ kan òrùlé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, pákó tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ó dára nígbà náà kí a ṣe ọgbà wa ní gígùn 12, fífẹ̀ 6 àti gíga 3, kí a má baà fi pákó ṣòfò. Pákó oníwọ̀n 2 nípa 2 mẹ́jọ ló tó fún ara rẹ̀. Mẹ́ta fún ìsàlẹ̀: méjì ní odidi, ẹ̀kẹta ni a ó gé sí ọgbọọgba méjì fún orí àti ìdí. Mẹ́ta mìíràn fún òkè ní ọ̀nà kan náà. Méjì tó kù ni a ó ti gé òpó mẹ́fà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, àti ọ̀pá kan tó gùn ní 6 tí yóò dábùú àárín òkè. Ẹ fi ìkẹsàn-án ṣe ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀kùn náà tóbi tó tí àgbàlagbà yóò fi lè bẹ̀rẹ̀ wọlé láti gbálẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn kékeré ló ń mú kí ọgbà dọ̀tí. Bí kápẹ́ńtà bá ní kí ẹ ra méjìlá, ẹ ní kí ó ka iye tí yóò lò lójú yín.

Ikán yóò dojú kọ igi náà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrókò àti apá ni ikán kì í tètè jẹ, wọ́n sì wọ́n lówó. Bí agbára kò bá ká a fún gbogbo rẹ̀, ẹ fi wọ́n ṣe ìsàlẹ̀ nìkan. Àwọn kan máa ń fi òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kun igi. Bí a óò bá lò ó, abẹ́ igi tó kan ilẹ̀ nìkan ni kí a kùn, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ehoro tó débẹ̀, torí gbogbo igi tí ẹnu ehoro bá tó ni yóò họ jẹ.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni kí a fara balẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní wáyà adìẹ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ dàbí ti afárá oyin, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ehoro lè fi eyín gé e, ajá tí ebi ń pa á fà á ya ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọ̀n ìpẹja kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Wáyà tó nípọn, tí wọ́n jó igun rẹ̀ pọ̀, tí ojú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin ni kí a béèrè fún lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin. Kí ojú rẹ̀ má ju ààbọ̀ íńṣì lọ ní ẹ̀gbẹ́. Ojú íńṣì kan dàbí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n eku àti ọmọ ejò yóò gba ibẹ̀ kọjá láìfi ara pa. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ íńṣì kan lè lọ sí òkè, níbi tí àwòdì àti ológbò ni ìṣòro wa. Inú ni kí a ti kan wáyà mọ́ igi, kí ehoro má baà rí igi họ jẹ, kí a sì fi pákó pẹlẹbẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ajá má baà lè tì í wọlé. Owó wáyà yìí ni yóò pọ̀ jù nínú gbogbo ìnáwó wa. Bí a bá fẹ́ ṣọ́wó ná, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ọ lórí nǹkan mìíràn.

Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ehoro yóò gbẹ́ ilẹ̀ láti inú, ajá yóò sì gbẹ́ ẹ láti ìta. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń dá àwọn méjèèjì dúró. Ẹ gé wáyà mìíràn tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ kan etí rẹ̀ kan mọ́ igi ìsàlẹ̀ yí ọgbà ká, kí ẹ sì tẹ́ ìyókù rẹ̀ sórí ilẹ̀ ní ìta bí ẹni tẹ́ ẹní. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, kí ẹ to òkúta tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Koríko yóò hù gba ojú rẹ̀ jáde, láìpẹ́ ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀. Ajá tó bá wá gbẹ́ ìdí ọgbà yóò bá wáyà pàdé. Ehoro tó bá gbẹ́ ihò láti inú, tó sì fẹ́ yọ orí ní ìta, yóò bá wáyà kan náà lókè orí rẹ̀. Síbẹ̀, kí ọmọ kan máa yí ọgbà ká ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti dí ihò tuntun, pàápàá bí abo bá wà níbẹ̀. Abo ehoro tó lóyún lè fi ọjọ́ mélòó kan gbẹ́ ohun tí yóò yani lẹ́nu.

Ẹ fi páànù bo ìdajì òkè, kí wáyà sì bo ìdajì kejì. Ẹ jẹ́ kí àlàfo díẹ̀ wà láàrin páànù àti igi kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá, kí ẹ sì to màrìwò ọ̀pẹ lé páànù náà. Páànù tí kò ní nǹkan lórí kò yàtọ̀ sí agbada lórí iná.

Nínú ọgbà, ẹ gbé àpótí pákó kan síbẹ̀ tí ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ méjì. Ehoro tí àwòdì fò kọjá lórí rẹ̀, tàbí tí ajá gbó mọ́ láti ìta, ibi tí yóò sá sí ni yóò kọ́kọ́ wá, bí kò bá sì rí i, ìpáyà nìkan lè mú kí ó kọ oúnjẹ tàbí kí ó kú. Ẹnu ọ̀nà méjì ni a wí, kí ọ̀kan má baà há èkejì mọ́ inú rẹ̀. Fún omi, àwo amọ̀ tó wúwo dára ju ike lọ. Kò rọrùn láti dà nù, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù. Ní ọjọ́ tí ooru bá pọ̀, tí iná mànàmáná bá sì ṣe wá lóore, ẹ fi ike omi tó ti dì sínú ọgbà. Ẹ ó rí i bí wọn yóò ti wá fara tì í.

Bí ẹ bá bá ehoro tó la ẹnu tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí etí rẹ̀ gbóná tó sì pọ́n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tó tutù kíá, kí ẹ sì fi omi tútù díẹ̀ pa etí rẹ̀. Ẹ má ṣe rì í bọ inú omi, ẹ má sì fi omi dídì sí i lára, nítorí ìyípadà òjijì yẹn lè pa á.

ÒRU KÌ Í ṢE TI ỌGBÀ

Níbi yìí ni ìmọ̀ràn tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ ìwé wọn sọ pé bí ọgbà bá ti lágbára, ehoro lè wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn kò ní ìjàlọ. Kò sí wáyà tí ojú rẹ̀ kéré débi tí ìjàlọ kò ní gbà wọlé, bí wọ́n bá sì dé lóru, ní àkókò òjò pàápàá, ẹran tó wà ní ìhámọ́ kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹni tó bá ti rí ohun tí wọ́n ń fi adìẹ ṣe nínú àgò kò nílò àlàyé.

Nítorí náà, kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó kọjá dáadáa, kí ehoro ti wọ ilé àsùn rẹ̀. Ilé náà gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró nínú agolo tí a bu omi àti òróró díẹ̀ sí. Ilé náà kò gbọdọ̀ fara kan ògiri, ẹ̀ka igi kò sì gbọdọ̀ kàn án, torí ewé kan ṣoṣo tó lọ́ mọ́ ọn ti tó afárá fún ìjàlọ. Ẹ máa yẹ agolo wò. Omi ń gbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

ÀWỌN TÍ YÓÒ GBÉ INÚ RẸ̀

Ehoro kan ṣoṣo a máa ṣàárò. Méjì dára, ṣùgbọ́n méjì wo? Akọ àti abo tí a kó pọ̀, oyún ni, ọjọ́ 31 ni abo sì ń lò kí ó tó bímọ. Ó tún lè lóyún mìíràn ní ọjọ́ tó bímọ gan-an. Akọ méjì tó ti dàgbà yóò bá ara wọn jà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Abo méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni ó rọrùn jù fún ilé tí kò fẹ́ kí ehoro kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sìn ín fún títà tàbí fún jíjẹ, tiyín yàtọ̀, a kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ bá ti sọ lórúkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú ọbẹ̀ wò ó.

Oúnjẹ inú ọgbà: koríko eéran, yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún dára. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, ẹ má ṣe já a fún wọn. Ẹ máa gbá ìgbẹ́ wọn kúrò lójoojúmọ́, nítorí láti inú ìgbẹ́ àti ilẹ̀ tútù ni kòkòrò tó ń mú kí ọmọ ehoro yàgbẹ́ gbuuru kú ti ń wá. Nígbà tí koríko bá tán, ẹ pe ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n gbé ọgbà náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ilẹ̀ àkọ́kọ́ lè sinmi, kí oòrùn sì pa á.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá wa àtijọ́ kò mọ̀ rárá. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde pé àrùn ehoro kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ara ti wọ Nàìjíríà. Ó lè pa ehoro tó jẹun ní alẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè tẹ̀lé bàtà, aṣọ, kéèjì àti koríko láti ilé kan dé òmíràn, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Ẹ má ṣe yá ara yín ní kéèjì. Ẹ má ṣe já koríko níbi tí àwọn ehoro mìíràn ti ń jẹ. Èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ó tó wọ ọgbà, bí ẹ bá sì rí ikú òjijì, ẹ pe dókítà ẹranko kí ẹ tó gbé òkú náà sọnù.

ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Ehoro tí oúnjẹ gbígbẹ ti mọ́ lára, bí ó bá já sínú koríko tútù lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ lè wú kí ó sì kú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí àgbàlagbà kan wà nítòsí, kí ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kí ó máa wò wọ́n.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í fi etí gbé ehoro. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kí ó sì fara mọ́ àyà ẹni tó gbé e. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà ní òfuurufú, ó lè ta ìpá débi pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣẹ́. Fún ìdí èyí kan náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa lé e kiri ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ láti mú un wọlé. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa fi ṣíbí lu àwo oúnjẹ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé àsùn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bó bá ti gbọ́ ìró ṣíbí, fúnra rẹ̀ ni yóò sáré wá.